Mo pààrọ̀ epo bíréèkì Carina wa nílé, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ọkọ̀ náà àti ohun tó ń ṣe é

Toyota Carina E ọdún 1996 ni, ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù, jíà ọlọ́wọ́, kò ní ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há pa téèyàn bá tẹ bíréèkì líle). Bíi púpọ̀ nínú ọkọ̀ ìlú yìí, èbúté Kútọnu ló gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí àlòkù Yúróòpù. Bíréèkì iwájú rẹ̀ jẹ́ díísìkì, ti ẹ̀yìn jẹ́ tambour (onírin bí ìlù).

Láàárọ̀, pẹ́dàlì bíréèkì a máa le dáadáa. Àmọ́ tí mo bá ti Kútọnu ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti mú wa, tí mo ń tẹ bíréèkì tí mo ń tú u, tí àwọn ọlọ́kadà zem sì ń já síwájú mi lọ́tùn-ún lósì, pẹ́dàlì á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Kì í ṣe pé kò mú o, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ á ti jìn wọlé kó tó mú. Tílẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì, ara rẹ̀ á tún ti yá.

Àìsàn tó ń bá ooru wá tó sì ń bá òtútù lọ báyìí, epo ni mo kọ́kọ́ fura sí. Epo bíréèkì tí à ń lò, yálà DOT 3 tàbí DOT 4, a máa fa omi mọ́ra látinú afẹ́fẹ́. Omi náà ń gba ara àwọn flexible onírọ́bà wọlé, ó tún ń gba ihò tóóró tó wà lára ìdérí agolo epo. Àjàṣẹ́ sì nìyí, ọ̀sà ló wà lẹ́sẹ̀ ìlú, afẹ́fẹ́ wa kì í gbẹ àfi nígbà ọyẹ́. Ìlànà tí ìjọba Amẹ́ríkà là sílẹ̀ fún epo yìí sọ pé DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C. Tí omi bá ti wọ inú rẹ̀ tó ìwọ̀n 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, 140°C ni ìlànà náà béèrè mọ. DOT 4 bẹ̀rẹ̀ láti 230, ó sì já sí 155. Ẹni tó bá ti fọwọ́ sún mọ́ díísìkì iwájú lẹ́yìn ìrìn àjò mọ̀ pé 140 kò jìnnà. Epo tó bá hó nínú étrier (irin tó há díísìkì mọ́ra, tí písítìnnì wà nínú rẹ̀) á di oru, oru sì ṣeé fún pọ̀, epo kò ṣeé fún pọ̀. Oru yẹn ni ẹsẹ̀ mi ń fún pọ̀ nírọ̀lẹ́ dípò kó máa ti plaquette (pẹlẹbẹ tó ń fún díísìkì mọ́ra kí ọkọ̀ lè dúró).

Ọ̀rọ̀ "ẹ fi kún un"

Gbogbo ẹni tí mo fọ̀rọ̀ náà lọ̀ ló ní kí n fi epo kún un. Ọ̀gá mẹkáníìkì kan ládùúgbò, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi nídìí ẹ́ńjìnnì, ṣí ìdérí agolo, ó wò ó, ó ní, "Ó ti lọlẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ ká bù sí i." Igo tó mú dání ti sọ ìdérí nù, àkísà ni wọ́n fi di ẹnu rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó.

Èmi kò rò pé aláìmọ̀kan ni ọ̀gá náà. Bí gbogbo wa ṣe bá a nìyẹn. Ṣùgbọ́n epo bíréèkì kì í yí po bíi ti ẹ́ńjìnnì. Epo ẹ́ńjìnnì ń lọ ó ń bọ̀, èyí tẹ́ ẹ bù sí i lókè á dà pọ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ìsọdá títì. Ti bíréèkì ńkọ́? Ojú kan ló wà nínú páìpù. Ẹ tẹ pẹ́dàlì, ó sún síwájú díẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó padà síbi tó wà. Èyí tó wà nínú étrier, lẹ́gbẹ̀ẹ́ díísìkì gan-an, níbi tí ooru ti pọ̀ jù, ó lè jẹ́ pé àtìgbà tí ọkọ̀ náà ti wà ní Yúróòpù ló ti wà níbẹ̀. Ẹ máa bù sí agolo títí di ọdún tó ń bọ̀, ẹ̀yìn pẹ́dàlì lẹ ń bọ́, ẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tébi ń pa.

Ohun kejì wà tó tún burú ju ìyẹn lọ. Bí plaquette bá ṣe ń jẹ, písítìnnì inú étrier á máa jáde síta díẹ̀díẹ̀, epo á tẹ̀ lé e lọ, èyí tó wà nínú agolo á sì lọlẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń sọ fún yín pé plaquette ń tán lọ nìyẹn. Ẹni tó bá bù epo kún un ti pa ọkọ̀ náà lẹ́nu mọ́. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wá fi plaquette tuntun sí i, tẹ́ ẹ ti písítìnnì padà sẹ́yìn, àlékún epo yẹn á ya jáde lẹ́nu agolo sórí ọ̀dà, á sì bó ọ̀dà náà. Tí epo bá sì lọlẹ̀ tí plaquette ò jẹ, ó ti ń jò níbì kan nìyẹn, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń bù sí i rárá.

Ohun tí mo kó jọ

Igo DOT 4 méjì, ìdajì lítà ọ̀kọ̀ọ̀kan. DOT 3 ni wọ́n kọ sí ìdérí agolo Carina náà, ṣùgbọ́n DOT 4 ṣeé fi rọ́pò rẹ̀, ẹbí kan náà ni wọ́n, DOT 5.1 náà sì bá wọn tan. DOT 5 tí kò ní ".1" lára ni kẹ́ ẹ yẹra fún, silicone ni, kì í bá àwọn yòókù dà pọ̀.

Ọjà Ouando ni mo ti rà á. Mo bẹ ìyá tó ń tà á pé kó jẹ́ kí n ṣí ìdérí wò kí n tó sanwó, kí n lè rí bóyá bébà fàdákà tó bo ẹnu igo ṣì wà lódidi. Ojú rẹ̀ le. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ rò pé mo bu omi sí i ni?"

"Rárá o, Màmá. Afẹ́fẹ́ ni mo ń sá fún."

Ó wò mí tòkè tilẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní àwọn oníbàárà òun ń sá fún gbèsè, ẹnì kan ò tíì wá sá fún afẹ́fẹ́ rí. Ó ṣí méjèèjì fún mi fúnra rẹ̀. Bébà náà wà lódidi.

Yàtọ̀ sí epo, mo kó jáàkì, irin ìdúró méjì, sípánà 8 àti 10, sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà fún àwọn ìwọ̀n méjèèjì, síríńjì ńlá láti ilé ìtajà oògùn, ìwọ̀n apá kan rọ́bà tó mọ́ gaara tó lè há mọ́ ẹnu purgeur dáadáa, òfìfo igo omi Possotomè kan, aṣọ funfun tí kì í ta òwú, ìbọ̀wọ́, àti garawa omi kan. Purgeur ni nọ́ọ̀tì kékeré oníhò tó wà lẹ́yìn táyà kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Omi inú garawa wà fún epo tó bá ta sí ọ̀dà tàbí sí ara. Omi tó ń ba epo yìí jẹ́ nínú páìpù, òun náà ló ń fọ̀ ọ́ nù lórí ọ̀dà, ó kàn gbọ́dọ̀ yá ni.

Kò sí kpayo (pẹtiróòlù fàyàwọ́) nínú ohun tí mo kó jọ. Mo mọ̀ pé níbí, kpayo la fi ń fọ ẹ̀yà ọkọ̀, la fi ń fọ ọwọ́, la fi ń fọ gbogbo nǹkan. Ṣùgbọ́n rọ́bà inú bíréèkì kò gba pẹtiróòlù, kò gba epo ẹ́ńjìnnì, kò gba kẹrosíìnì. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá kàn án, á wú, tó bá sì ti wú, kí ẹ kàn pààrọ̀ rẹ̀ ló kù. Ọtí spirit tàbí epo bíréèkì tuntun ni kẹ́ ẹ fi nù ún.

Gbígbé ọkọ̀ sókè

Ilẹ̀ pupa ni àgbàlá wa, ẹsẹ̀ jáàkì a máa rì sínú rẹ̀. Mo tẹ́ pákó fífẹ̀ sábẹ́ jáàkì àti sábẹ́ irin ìdúró kọ̀ọ̀kan, mo fi òkúta há àwọn táyà tó wà nílẹ̀. Jáàkì nìkan kò tó o. Ẹni bá máa ki orí bọ abẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi irin gbé e dúró.

Agolo òkè

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ nídìí táyà. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, gbogbo ìdọ̀tí tó wà nínú agolo ni ẹ máa kọ́kọ́ fà gba inú páìpù kọjá. Mo fi síríńjì fa epo àtijọ́ jáde títí ó fi kù díẹ̀ kó kan ihò ìsàlẹ̀, mo fi aṣọ funfun nu ẹrọ̀fọ̀ dúdú tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, mo sì bu epo tuntun sí i dé àmì MAX. Láti ìgbà yẹn lọ, òfin kan ṣoṣo ló wà: epo kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ MIN. Tí agolo bá gbẹ, mástà sílíńdà (èyí tí pẹ́dàlì ń tì láti fi epo ránṣẹ́ sí bíréèkì) á fa afẹ́fẹ́ mì, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ABS ti wọlé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ní ABS ṣeé pààrọ̀ epo wọn lọ́nà kan náà, tí agolo ò bá ti gbẹ. Tí afẹ́fẹ́ bá wọ inú àpótí ABS, ó lè gba ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó máa ṣí àwọn fáàfù inú rẹ̀ kó tó jáde. Nítorí náà, ẹni tó ní ABS, kó tẹjú mọ́ agolo ju bí mo ṣe tẹjú mọ́ tèmi lọ.

Ẹ̀yìn ọ̀tún

Táyà tó jìnnà jù sí mástà sílíńdà ni wọ́n sábà máa fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ wa ń wa láti apá òsì, nítorí náà ẹ̀yìn ọ̀tún ló jìnnà jù. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí ìwé wọn ní kí ẹ tò ó láti igun kan sí igun tó kọjú sí i, ẹ̀yìn ọ̀tún, iwájú òsì, kẹ́ ẹ tó lọ sí méjì yòókù. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín.

Ràṣídì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní lycée (ilé ẹ̀kọ́ girama), ló jókòó sídìí pẹ́dàlì. Kó tó wọlé, mo fi ègé pákó kan sílẹ̀ lábẹ́ pẹ́dàlì kó má baà lè tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀. Nínú mástà sílíńdà àtijọ́, apá òkè nìkan ni rọ́bà máa ń rìn dé lójoojúmọ́. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ a máa ní ìpẹtà àti ẹrọ̀fọ̀. Tí ẹnì kan bá tẹ pẹ́dàlì kanlẹ̀ léraléra, rọ́bà á lọ fi ara ya níbi tí kò dé rí, èèyàn tó ń pààrọ̀ epo á wá di ẹni tó ń wá mástà sílíńdà kiri.

Mo fi sípánà 8 kọ́ purgeur lọ́rùn, mo ti rọ́bà gaara mọ́ ẹnu rẹ̀, mo ki ìdí rọ́bà náà sínú igo Possotomè tí mo ti bu epo tuntun díẹ̀ sí, kí ẹnu rọ́bà lè rì sínú epo kó má baà fa afẹ́fẹ́ padà. Lẹ́yìn náà ni ìpè àti ìdáhùn bẹ̀rẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́, Bàbá!"

Mo tú purgeur, epo ṣàn, pẹ́dàlì ń lọ sílẹ̀.

"Ó ti kan pákó!"

Mo dì í pa. "Tú u."

Kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò nígbà tí purgeur bá ṣí sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun láìfọhùn. Ìyàwó mi sọ láti inú ilé pé a dà bí àwọn tó ń pe ara wọn lóko.

Epo tó kọ́kọ́ jáde dúdú bí omi àgbo. Mo ti retí pé kó pọ́n, n ò retí pé kó dúdú tó bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àwọ̀ tó yí padà, nítorí páìpù ẹ̀yìn ló gùn jù. Ẹ ó rí i bó ṣe ń bọ̀ nínú rọ́bà gaara: dúdú, lẹ́yìn náà pupa rúsúrúsú, lẹ́yìn náà ibi kan tí méjèèjì ń dà pọ̀, kó tó wá di àwọ̀ oyin fẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú igo tuntun. Mo tún jẹ́ kó jáde díẹ̀ sí i lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ̀yìn òsì, níbi tí ọjọ́ ti lọ

Purgeur ibí kọ̀, kò yí. Ìdérí rọ́bà kékeré tó yẹ kó bo ẹnu rẹ̀ ti já bọ́ nígbà kan, omi òjò àti erùpẹ̀ sì ti wọ inú ihò náà, ó ti dógùn-ún tán. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ níbí ni pé èèyàn á gbé sípánà tó ṣí lẹ́nu, á fipá fà á, igun nọ́ọ̀tì náà á yípo, tàbí kó kúkú dá mọ́ inú sílíńdà. Ẹni tó bá dá purgeur mọ́ inú, sílíńdà tuntun ló máa rà.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ara rẹ̀, mo kán epo atúpẹtà díẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ níta nìkan, mo sì nu èyí tó ṣẹ́ kù kúrò, nítorí rọ́bà tó wà nítòsí. A lọ jẹun. Nígbà tí mo padà dé, mo gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà sí i, èyí tó ń di gbogbo igun mú lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì fi òòlù kékeré gbá orí irin sọ́kẹ́ẹ̀tì náà tó, tó, tó, kí ìpẹtà inú rẹ̀ lè mì. Lẹ́yìn náà, dípò kí n tú u, mo gbìyànjú láti dì í sí i díẹ̀. Ó dà bíi pé ó fẹ́ sún. Mo dì, mo tú, mo dì, mo tú, láìfipá. Lójijì ni mo gbọ́ "kẹ́" kékeré kan, ó sì yọ̀ǹda.

Ràṣídì ti dámọ̀ràn pé ká fi iná sí i, ó ti rí i tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jó irin. Ó máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ rọ́bà wà nínú sílíńdà náà, iná tó máa tú purgeur á jó rọ́bà, mo sì ní iṣẹ́ tó tó fún ọjọ́ kan.

Nígbà tó ṣí tán, mo wo abẹ́ ìdérí rọ́bà sílíńdà náà. Gbígbẹ ló wà, kò jò. Mo ti ń bẹ̀rù pé mo máa rí ọ̀rinrin níbẹ̀. Epo tó jáde ní ìdí yìí náà dúdú.

Iwájú

Méjì iwájú rọrùn, páìpù wọn kúrú, purgeur wọn ò dógùn-ún, sípánà 10 ni wọ́n ń lò. Àkíyèsí kan ṣá: nígbà tí mo tú ti ọ̀tún ju bó ṣe yẹ lọ, ìfóòfó afẹ́fẹ́ kéékèèké ń bá epo jáde láìdáwọ́ dúró. Èyí lè dẹ́rù ba èèyàn. Afẹ́fẹ́ yẹn kì í wá látinú páìpù. Ara ẹsẹ̀ nọ́ọ̀tì ló ń gbà wọlé bí purgeur bá tú jù. Mo dì í padà díẹ̀, ìfóòfó náà sì dáwọ́ dúró. Ìdajì yíyí péré ti tó.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti tú táyà kúrò, mo wo plaquette. Ti ọ̀tún ṣẹ́ ku díẹ̀, ti òsì sàn jù ú lọ. Epo tó lọlẹ̀ nínú agolo rí ìdáhùn nìyẹn, ohun tí ọkọ̀ ti ń sọ kí wọ́n tó fẹ́ fi epo pa á lẹ́nu mọ́. Flexible iwájú náà ní ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ lára tí mo bá tẹ̀ ẹ́ po, ṣùgbọ́n kò tíì là wọ inú.

Gbogbo purgeur ni mo dì ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, irin kékeré ni, kò gba agbára apá. Mo fi ìdérí rọ́bà tuntun bo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, owó péńpé ni wọ́n, wọ́n ì bá sì ti gbà mí lọ́wọ́ wàhálà ẹ̀yìn òsì. Mo bu epo dé àmì MAX, n kò kọjá rẹ̀, mo fi omi fọ gbogbo ibi tí epo ta sí.

Ìdánwò

Pẹ́dàlì le nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo ta ẹ́ńjìnnì, ó sì rì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bó ṣe yẹ, ìyẹn ni pé servo (ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára ẹsẹ̀) ń ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà mo fipá tẹ̀ ẹ́, mo dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Ká ní ó ń rì lọ díẹ̀díẹ̀ ni, ìyẹn á fi hàn pé ibì kan ń jò tàbí pé rọ́bà mástà sílíńdà ti ya. Kò rì. Ràṣídì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí mo ń fi tọ́ọ̀ṣì wo purgeur mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn gbẹ.

Inú von wa (òpópónà kékeré àdúgbò) ni mo ti kọ́kọ́ wà á, níbi tí kò sí ẹni tó lè sáré, kí n tó gbé e lọ sójú títì. Ìdánwò gidi ni ìrọ̀lẹ́ Kútọnu. Mo lọ, mo bọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kan náà, ooru kan náà, pẹ́dàlì kò sì rọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Plaquette iwájú ni mo máa pààrọ̀ báyìí, pẹ̀lú flexible méjèèjì, kí plaquette ọ̀tún tó jẹ irin.

Epo àtijọ́

Igo Possotomè tó kún fún epo àtijọ́ lè ṣi ọmọdé lọ́nà, pàápàá ní ìlú tí gbogbo nǹkan, láti sódábì (ọtí ògógóró) dé kpayo, ti ń wọ inú igo àlòkù. Májèlé ni epo náà. Mo dì í, mo fi lẹ́ẹ̀dì pupa kọ "MÁJÈLÉ – POISON" yí i ká, mo gbé e sí orí àjà títí mo fi fún àwọn tó ń kó epo àlòkù jọ ní ibùdó mẹkáníìkì, lọ́tọ̀ sí epo ẹ́ńjìnnì. Ẹ má dà á sínú gọ́tà. Gọ́tà wa ń ṣàn lọ sí ọ̀sà.

Èyí tó ṣẹ́ kù nínú igo kejì, mo dì í dáadáa, ọjọ́ tí mo bá pààrọ̀ flexible ni mo máa lò ó. Tí n kò bá ṣe é kó tó di ìgbà òjò, igo tuntun ni màá rà. Mo kọ oṣù àti ọdún sí ara bébà tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ agolo. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ní kí wọ́n pààrọ̀ epo náà ní ọdún méjì méjì, pẹ̀lú ọ̀sà tó wà lẹ́sẹ̀ wa yìí, n kò rí ìdí tí màá fi sún un síwájú.